Jogbo Etí Ọ̀nà, Jogbo Inú Ọgbà

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ìkọ̀lé kọjá sí ìhà àríwá Èkìtì nígbà tí oṣù kẹwàá ọdún bá ń lọ sí òpin, nígbà tí òjò àrọ̀kúrò ti ń di ẹrù rẹ̀ tí ọyẹ́ kò sì tí ì yọjú láti òkè Ọya, tí ó sì bá ọ̀nà náà lọ títí ó fi kan Ìtàpájì àti Ìyẹmẹ̀rọ̀, Ìpáò àti Òkè-Àkò, tí ó wá wọ Ìrèlè, ìlú àgbẹ̀ tí kò jìnnà sí ààlà Kogí àti Kúárà, yóò rí òdòdó kan tí ó ti gba etí ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì, tí ó pọ́n rúsúrúsú lọ súà, tí ó ga ju àgbàlagbà ọkùnrin lọ, tí ó sì ń mì lẹ́gbẹ̀lẹ́gbẹ̀ nínú atẹ́gùn tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń dá sílẹ̀ bí wọ́n ti ń kó iṣu lọ sí ọjà. Àlejò tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ yóò rò pé ìjọba ni ó gbìn ín láti fi ṣe Èkìtì Kete lọ́ṣọ̀ọ́. Kò sí ẹni tí ó gbìn ín síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbin ara rẹ̀, kò bèèrè ilẹ̀ lọ́wọ́ baálẹ̀, kò san ìṣákọ́lẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ọdọọdún ni ó sì ń fẹ̀ sí i. Jogbo ni a mọ̀ ọ́n sí, àwọn mìíràn a máa pè é ní àgbálẹ̀, àwọn ọmọ iléèwé a sì máa pè é ní sọ́nfúláwà. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko, orúkọ rẹ̀ ni Tithonia diversifolia.

Ohun tí mo ní í sọ nípa rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ mí lógún. Mo gbà pé inú ọgbà onílé ni ó yẹ kí jogbo máa gbé, lábẹ́ àdá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí a má fi etí ọ̀nà àti oko ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀ fún un; nítorí agbára tí ewéko yìí fi ń ba oko jẹ́, agbára náà gan-an ni ó fi ń tún un ṣe, ọwọ́ tí ó bá wà ni yóò sì sọ èyí tí a ó rí nínú méjèèjì.

Kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Ilẹ̀ Mẹ́síkò àti àwọn ilẹ̀ tí ó wà ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀, ẹwà rẹ̀ ni ó sì gbé e rìn, nítorí àwọn tí ń fẹ́ òdòdó sí iwájú ilé ni wọ́n gbé e káàkiri àwọn ilẹ̀ olóoru ní Áfíríkà àti Éṣíà, kí ó tó di pé ó fo ọgbà lọ́wọ́ wọn tí ó sì di ará ìgbẹ́. Nínú èyí ni ó fi yàtọ̀ sí ewé Akíntọ́lá, èyí tí àwọn ibòmíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀, tí ẹni tí àdá bá ṣá lóko a máa fún omi rẹ̀ sí ojú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Àwọn onímọ̀ sọ pé ní nǹkan bí ọdún 1937 ni ìyẹn wọ Nàìjíríà, tí ó fara pamọ́ sáàárín irúgbìn igi gmẹ̀línà tí wọ́n kó wá láti Sẹ́lọ́ọ̀nù, ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Siri Láńkà lónìí. Ewé Akíntọ́lá yọ́ wọlé bí olè. Jogbo ní tirẹ̀, àlejò tí a fi ọwọ́ ara wa fà wọlé ni. Àwọn méjèèjì ti wá pẹ́ lọ́dọ̀ wa tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí ní àríwá Èkìtì rò pé Olódùmarè dá wọn mọ́ ilẹ̀ yìí ni. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní etí ọ̀nà, jogbo ti gba ilẹ̀ mọ́ ewé Akíntọ́lá lọ́wọ́, àlejò sì ti lé àlejò.

Ẹ jẹ́ kí a já ẹ̀ka kan kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ewé rẹ̀ kò rí bákan náà. Lórí igi kan ṣoṣo, a ó rí èyí tí ó pín sí ìka mẹ́ta, a ó rí èyí tí ó pín sí márùn-ún, a ó sì rí àwọn tí kò pín rárá, pàápàá àwọn kékeré tí ó wà lókè lẹ́bàá òdòdó. Irun wẹ́wẹ́ wà lábẹ́ ewé náà, bí a bá sì rún un mọ́wọ́, òórùn mímúná kan a jáde, ìkorò rẹ̀ a sì tẹ̀ lé ènìyàn dé ìdí oúnjẹ bí kò bá fọ ọwọ́ rẹ̀ dáradára. Ọ̀pá tí ó gbé òdòdó dúró a máa wú ní gẹ́rẹ́ ìsàlẹ̀ orí òdòdó náà, inú rẹ̀ a sì ṣófo. Ohun tí ojú wa ń rí bí òdòdó kan kì í sì í ṣe ọ̀kan: àwọn òdòdó kéékèèké ni ó fún ara wọn pọ̀ sí àárín, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó sì lè di hóró kan, nígbà tí àwọn pẹlẹbẹ gígùn tí ó yí wọn ká, àwọn tí ń dán tí a fi ń yìn ín, kò lè so nǹkan kan, iṣẹ́ tiwọn ni láti pe oyin wá sí ibi àsè. Mọ̀lẹ́bí ewúro ni. Inú ìdílé kan náà ni yánrin wà, àti ẹ̀bòlò, àti imí eṣú tí ń hù lójú ààtàn, àti ewé Akíntọ́lá tí a ti dárúkọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àjèjì pátápátá ni ó jókòó ti òun.

Líle ni ó le. Ilẹ̀ wa ní Ìrèlè wà níbi tí igbó kìjikìji ti ń tán tí ọ̀dàn ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹ̀rùn ti ń mú ilẹ̀ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, tí iná sì ń gba inú koríko kọjá lọ́dọọdún, yálà iná àgbẹ̀ ni tàbí iná ọdẹ tàbí iná darandaran. Òdòdó tí ó lẹ́gẹ́ kò lè fara da irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. A gbìn ín nígbà òjò, kí ọyẹ́ tó lọ, ó ti di ìtàn. Jogbo kò rí bẹ́ẹ̀. Iná a jó o dé ilẹ̀, kùkùté rẹ̀ a dúdú bí èédú, olóko a sì rò pé ó parí; ṣùgbọ́n òjò méjì mẹ́ta tí ó bá tẹ̀ lé e, ọ̀mùnú tútù a ti máa yọ nídìí kùkùté náà, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ wà láàyè nísàlẹ̀ níbi tí iná kò lè dé. Ẹni tí ó fi àdá bẹ́ ẹ gé e di púpọ̀ ni, nítorí ibi tí ọ̀pá kan wà tẹ́lẹ̀, mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò rú jáde. Ọ̀pá tí a gé jù sílẹ̀ pàápàá, bí ó bá ṣubú sí ojú ilẹ̀ tútù nígbà òjò, ó lè ta gbòǹgbò níbi tí ó gbé sùn sí. Báyìí ni ó ṣe ń dàgbà láti ọdún dé ọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún un gbìn, tí ó lè ga ní mítà méjì tàbí mẹ́ta láàárín ọdún kan ṣoṣo.

Síbẹ̀, hóró rẹ̀ ni ó fi ń rin ìrìn àjò. Nígbà tí òdòdó bá rọ, orí rẹ̀ a gbẹ, a sì di búráùn, èèpo tín-ínrín ṣóńṣó-ṣóńṣó tí ó wà láàárín rẹ̀ a máa gún ènìyàn lọ́wọ́, àwọn hóró kéékèèké a sì jókòó sáàárín àwọn èèpo náà, wọ́n fúyẹ́, irun wà lára wọn, wọ́n ṣe tán láti bá ohun tí ó bá kọjá lọ. Igbó jogbo kan lè gbọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Atẹ́gùn a gbé díẹ̀, àgbàrá a gbé díẹ̀, ara ẹran ọ̀sìn a gbé díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a kíyè sí i pé ènìyàn ni ó gbé èyí tí ó pọ̀ jù. Katakata tí ń la ọ̀nà a máa wa ilẹ̀ láti ibi kan lọ dí kòtò níbòmíràn, tipa a máa wa yanrìn àti ilẹ̀ pupa láti etí odò lọ sí ibi tí a ti ń kọ́lé, hóró jogbo a sì wà nínú ilẹ̀ náà bí èrò ọkọ̀ tí kò sanwó. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ojú títì ni a ti kọ́kọ́ ń rí i ní ìlú, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn ilé tuntun, lẹ́yìn náà ni yóò tó wọ oko. Ní ọdún 2005, ìwádìí kan jáde láti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lórí bí hóró rẹ̀ ti ń hù àti bí ó ti ń bí sí i, òun àti àbúrò rẹ̀ kan tí òdòdó tirẹ̀ pupa bí ẹyin iná, tí kì í sì í lò ju ọdún kan lọ kí ó tó kú. Èyí olódòdó ìyeyè yìí ni ó ń wà títí.

Ẹ̀sùn tí àwọn àgbẹ̀ fi kàn án kì í ṣe irọ́. Ní ọdún 1997 ni ìròyìn kan ti jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ nípa èpò, tí ó ṣàlàyé bí jogbo ti tàn ká ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà àti bí ó ti ń dàgbà. Láti ìgbà náà wá, ó ti rìn jìnnà sí i. Bí ẹ̀gẹ́ bá ṣì kéré, jogbo a ga jù ú lọ, a bò ó mọ́lẹ̀, ẹ̀gẹ́ kò sì ní rí oòrùn mọ́. Ohun tí ó wà nínú ewé àti gbòǹgbò rẹ̀ a máa dí irúgbìn mìíràn lọ́wọ́ láti hù, àwọn tí ó ti yẹ̀ ẹ́ wò sì ti fi ìdí èyí múlẹ̀. Iye tí a ń san fún alágbàṣe lórí ilẹ̀ tí jogbo ti gbà yàtọ̀ sí iye tí a ń san lórí ilẹ̀ koríko lásán, nítorí àdá nìkan kò tó o, ọkọ́ gbọ́dọ̀ dé ìdí rẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, òfin ìjọba kà á mọ́ àwọn ewéko àjèjì tí onílẹ̀ gbọ́dọ̀ káwọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ rẹ̀. Àìtètè mólè ni olè fi ń mólóko; ó yẹ kí àwa náà ti gbé irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó pọ̀ tó báyìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ewéko yìí ṣe ọgbà yí ilẹ̀ wọn ká, àwọn olùwádìí tí ń bá ICRAF ṣiṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa igi àti oko tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Nairobi, bẹ̀rẹ̀ sí wo ewé rẹ̀ ní fínnífínní ní àwọn ọdún 1990, ohun tí wọ́n sì rí yà wọ́n lẹ́nu. Nínú 100 kìló ewé jogbo tí a ti sá gbẹ, nǹkan bí 3.5 kìló ni nítírójìn, èyí tí ń mú kí ewé dúdú minimini. Nǹkan bí 4 kìló ni pòtásíọ̀mù, èyí tí irúgbìn tí ń ta sábẹ́ ilẹ̀ bí iṣu fẹ́ràn. Fọ́sífọ́rọ̀ọ̀sì rẹ̀ kò tó ìdajì kìló, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba yẹn náà pọ̀ ju èyí tí a ń rí nínú ọ̀pọ̀ ewé mìíràn. Ohun kejì tí wọ́n rí ni pé kì í pẹ́ jẹrà. Bí a bá bo ewé náà mọ́lẹ̀ nígbà òjò, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ìdajì nítírójìn inú rẹ̀ ti bọ́ sínú ilẹ̀ níbi tí gbòǹgbò irúgbìn yóò ti rí i mu. Ewé tí ó le a máa pẹ́ nínú ilẹ̀ kí ó tó dá ohun tí ó ní padà. Jogbo kì í fi ohun tí ó ní pamọ́.

Àwa náà kò sùn. Ní Adó-Èkìtì, àwọn olùwádìí Yunifásítì tí ó wà níbẹ̀ gbé jogbo àti ajílẹ̀ NPK ka iwájú ara wọn lórí oko àgbàdo, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2007. Ní Ọ̀wọ̀, ìlú tí ilẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí tiwa, àwọn mìíràn fi ewé jogbo àti ewé Akíntọ́lá bo ebè iṣu lórí, ìwádìí wọn sì jáde ní ọdún 2013: ilẹ̀ tí a fi ewé bò sàn ju èyí tí a fi sílẹ̀ ní ìhòòhò lọ, iṣu rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ìyẹn lọ. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí iṣu jẹ́ ní Èkìtì, níbi tí a ti gbà pé iyán ni oúnjẹ tí ọkà sì jẹ́ oògùn, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ ni èyí, pàápàá ní àkókò tí ilẹ̀ kì í sinmi mọ́ tí owó àpò ajílẹ̀ sì ń ga sókè. Ilẹ̀ ọ̀gẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí, tí àwọn baba wa máa ń fi sílẹ̀ kí igbó bò ó kí ó lè sinmi, a kò fún un ní ìsinmi mọ́. Ó sì tọ́ kí a dá nǹkan padà fún un.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ti ibí yìí lọ ṣèlérí ohun tí kò lè ṣe fún ara rẹ̀. Àpò NPK 15-15-15 oní 50 kìló ní 7.5 kìló nítírójìn nínú. Kí jogbo tó fún wa ní iye bẹ́ẹ̀, ewé rẹ̀ gbígbẹ gbọ́dọ̀ ju 200 kìló lọ, nígbà tí ó sì jẹ́ pé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ewé tútù ni ó jẹ́ omi, nǹkan bí 1,000 kìló ewé tútù ni a ó gé, tí a ó rù, tí a ó sì bò mọ́lẹ̀. Ta ni yóò rù ú dé oko tí ó fi máìlì mẹ́ta jìnnà sí ilé? Àwọn àgbẹ̀ Kẹ́ńyà náà rí èyí, ìdí nìyẹn tí púpọ̀ nínú wọn fi ń lò ó fún ẹ̀fọ́ àti tòmátì tí ń mówó wọlé, tí wọn kì í sì í sábà lò ó fún oko àgbàdo ńlá. Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé inú ọgbà ni ààyè rẹ̀. Ebè mélòó kan lẹ́yìn ilé, ibi tí ìyá ilé gbin ata àti ewédú àti tẹ̀tẹ̀ sí, ọgbà tòmátì tí kò ju yàrá méjì lọ, àwọn wọ̀nyí ni jogbo etí ọgbà lè bọ́ yó láìpa ẹnikẹ́ni lẹ́rù. Fọ́sífọ́rọ̀ọ̀sì tí kò pọ̀ nínú rẹ̀, imí adìyẹ tí a bá dà mọ́ ọn yóò dí àlàfo náà.

Bí a bá fẹ́ gbìn ín, ọ̀pá ni kí a lò, kí a má fi hóró ṣe é, nítorí hóró tuntun kì í tètè hù, a kò sì lè mọ iye tí yóò ta sí ibi tí a kò fẹ́. Oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà ni ó dára jù, nígbà tí òjò ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, kí gbòǹgbò lè ti wọlẹ̀ kí òjò tó dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ. Ọ̀pá tí ó ti gbó díẹ̀, tí awọ rẹ̀ ti ń di búráùn, ni kí a yàn. Ọ̀mùnú tútù a máa jẹrà. Kí gígùn rẹ̀ má ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, kí oríkèé mẹ́ta ó kéré tán wà lára rẹ̀, kí a sì gbé e gúnlẹ̀ ní òòró tàbí kí ó dà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, pẹ̀lú oríkèé méjì nínú ilẹ̀. Kí a rí i dájú pé ìdí rẹ̀ ni ó wà nísàlẹ̀. Àwọn kan a máa tẹ́ ọ̀pá sílẹ̀ bí ìgbà tí a bá ń gbin ìrèké, wọn a sì fi ilẹ̀ bò ó. Kì í hù dáradára bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà kan sí ara wọn tó fún ọgbà tí ewúrẹ́ kò ní lè tètè gba àárín rẹ̀ kọjá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ewúrẹ́ fúnra rẹ̀ a máa já ewé rẹ̀ jẹ nígbà mìíràn, a sì lè fi díẹ̀ kún oúnjẹ ẹran tí a so mọ́lẹ̀. Ibi tí a kò gbọ́dọ̀ gbìn ín sí ni bèbè odò àti etí ipa àgbàrá, nítorí omi yóò bá a kó hóró rẹ̀ lọ fún ẹni tí kò bèèrè rẹ̀.

Nígbà tí ó bá ga dé àyà ènìyàn, kí a gé e kù sí orókún. Yóò tún rú, a ó sì tún gé e, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, gẹ́gẹ́ bí òjò bá ṣe rọ̀ sí. Ewé àti ọ̀mùnú ni kí a gé wẹ́wẹ́ bo inú ebè. Bí irúgbìn wẹ́wẹ́ bíi tẹ̀tẹ̀ ni a fẹ́ gbìn, kí a fi bí ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀ kí a tó fọ́n ọn, kí oró inú ewé náà lè ti rọ̀. Tòmátì àti ata tí a ti tọ́jú dàgbà ní ibòmíràn tí a kàn fẹ́ ṣí nídìí kò ní ìdààmú tó bẹ́ẹ̀. A tún lè gé ewé náà sínú ìkòkò omi ńlá, kí a dé e fún ọjọ́ mélòó kan, kí a sì máa bu omi rẹ̀ sí ìdí ẹ̀fọ́. Òórùn rẹ̀ kò dára, mo sì gba àwọn tí ilé wọn sún mọ́ ti aládùúgbò níyànjú pé kí wọ́n gbé ìkòkò náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ní ti ọ̀pá líle tí ó ṣẹ́kù, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi gbé tòmátì ró. Ó dára, bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ kan egungun. Ọ̀pá jogbo tútù tí a bá fi gbé tòmátì ró yóò ta gbòǹgbò, kí tòmátì náà tó pọ́n, igi tí ó gbé e dúró yóò ti máa bá a jìjàdù oúnjẹ.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ẹwà rẹ̀ náà, nítorí ènìyàn kì í gbin ọgbà tìtorí ikùn nìkan, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ojú ń rí a máa tún ọkàn ṣe. Àkókò tí jogbo ń tanná jẹ́ àkókò tí ọ̀pọ̀ òdòdó mìíràn ti ń sinmi, nígbà tí koríko ti ń pọ́n tí ewé igi sì ti ń bọ́. Ní òwúrọ̀ oṣù kọkànlá, bí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ẹni tí ó bá dúró ti igbó jogbo yóò gbọ́ ohùn oyin kí ó tó rí wọn, yóò sì gbọ́ òórùn dídùn kan tí kò jọ ti ewé kíkorò náà rárá. Ẹni tí ó bá ní ilé oyin nítòsí mọ iyì àkókò yìí. Àwọn ènìyàn ibòmíràn ti sọ ọ́ di ọrọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Mae Hong Son ní àríwá ilẹ̀ Tàílándì, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Doi Mae U-Kho, tí jogbo bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé òkè. Oṣù kọkànlá kọ̀ọ̀kan ni àwọn èrò ń rọ́ lọ síbẹ̀ láti wò ó. Bákan náà ni ní àyíká ìlú Da Lat ní Fiẹtinámù. Àwa tí a ní òkè ní Èkìtì ju ohun tí a lè kà lọ, tí jogbo sì wà ní ìsàlẹ̀ àwọn òkè náà láìjẹ́ pé a pè é, a kì í dúró wò ó. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí òdòdó rọ́bà tí a ra lówó gọbọi nínú àwo orí tábìlì ìgbéyàwó ní oṣù tí òdòdó tútù kún gbogbo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn náà. Bí a bá gé e ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tí a sì tètè fi í sínú omi, yóò ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ dé ọjọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni mo fi ìbẹ̀rù sọ. Àwọn ènìyàn a máa se ewé jogbo fún ibà, àwọn onímọ̀ náà kò sì gbójú fò ó. Ní ọdún 2002, àwọn olùwádìí láti Bẹ́ljíọ̀mù ṣàlàyé pé ohun kan tí ń jẹ́ tagitinin C nínú jogbo ń bá kòkòrò ibà jà. Ní ọdún 2004, àwọn olùwádìí láti Ilé-Ifẹ̀ yẹ jogbo wò lára eku. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí Bẹ́ljíọ̀mù náà rí i pé tagitinin C yìí kan náà ń pa sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn pẹ̀lú, ìwádìí mìíràn tí ó sì jáde ní ọdún 2009 fi hàn pé oje tí wọ́n yọ lára jogbo lè ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ eku jẹ́. Ohun tí ó bá korò tó báyìí kì í ṣe ohun tí a ń bu mu láìní òṣùwọ̀n. Ẹni tí ibà bá ń ṣe ní Ìrèlè, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ó sì fi jogbo sílẹ̀ fún iṣu àti tòmátì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ etí ọ̀nà. Ìṣe wa ni pé nígbà tí ọdún Kérésì bá ń bọ̀, tí àwọn ọmọ ìlú ń ti Èkó àti Àbújá àti òkè òkun bọ̀ wálé, ni a tó ń rántí láti ṣán etí títì kí ìlú lè mọ́. Èrò rere ni, àkókò rẹ̀ ni kò dára. Nígbà tí oṣù kejìlá bá fi dé àárín, orí jogbo ti gbẹ, àwọn hóró ti gbó, àdá tí a bá sì fi ṣán an, gbígbọ̀n ni ó ń gbọ̀n wọ́n sílẹ̀. Bí a bá sì wọ́ igi náà gba ojú ọ̀nà kọjá, a ti bá a fún irúgbìn ọdún tí ń bọ̀. Igi gànnàgànnà má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Mo bẹ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, àti àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, pé kí wọ́n mú iṣẹ́ náà wá sí ìparí oṣù kẹsàn-án, kí òdòdó tó là rárá, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù tí ọkọ́ lè wọ ìdí rẹ̀. Kí wọ́n kó ewé tútù tí wọ́n bá gé fún àwọn tí ó ní ọgbà ẹ̀fọ́ nítòsí, dípò kí wọ́n sun ún. Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2011, ní ẹ̀ka ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìkọ̀lé. Inú mi yóò dùn bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ bá lè wá fi ebè iṣu díẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn àgbẹ̀ Ìrèlè àti Òkè-Àkò lójú ara wọn.

Ẹni tí ó gbìn ín sí ọgbà rẹ̀ lè jẹ́ kí ó tanná, kí ojú lè rí ohun rere, kí oyin náà sì jẹun. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí àwọn pẹlẹbẹ ìyeyè náà bá bẹ̀rẹ̀ sí rọ, kí ó mú àdá, kí ó gé gbogbo orí wọn nígbà tí inú wọn ṣì tutù, kí ó sì kó wọn sínú ebè. Èyí tí ó bá ti gbó kí ó tó dé ibẹ̀, inú àpò ni kí ó gé e sí, kí ó di ẹnu àpò náà, kí ó sì dáná sun ún níbẹ̀ gan-an, láìgbé e kọjá ojú ọ̀nà.